Ilẹ̀kùn Tí Ọ̀tá Ń Gbà Wọ Inú Ẹ̀jẹ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó ṣẹ̀dá ènìyàn, tí ó sì ṣe ẹ̀dá rẹ̀ lẹ́wà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àjíǹde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin,

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwàásù ni ẹ ti gbọ́ nípa àrùn éèdì. Èyí tí ó pọ̀jù nínú wọn dá lórí ìṣekúṣe: wọ́n ní kí ọ̀dọ́ sá fún àgbèrè, wọ́n sì fi àrùn náà dẹ́rù bà á. Òtítọ́ ni ìkìlọ̀ náà, ẹ̀sìn wa kò sì fi ààyè gba àgbèrè, ìbáà jẹ́ pé àrùn wà tàbí kò sí. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ nìkan kò tó. Ẹni tí ó mọ̀ pé iná ń jóni, tí kò sì mọ ohun tí a fi ń pa iná, ìmọ̀ rẹ̀ kò tíì pé. Àwọn kan wà tí àrùn yìí ń mú lọ, kì í ṣe nítorí pé oògùn kò sí, bí kò ṣe pé ẹnìkan sọ fún wọn pé oògùn kò ràn án, tàbí pé àìní ìgbàgbọ́ ni kí Mùsùlùmí máa gbé oògùn mì lójoojúmọ́. Nítorí náà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣe fẹ́ ṣí inú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí olúkúlùkù lè rí ibi tí àrùn náà ń gbà wọlé, ohun tí ó ń bàjẹ́ níbẹ̀, àti ohun tí oògùn ń ṣe sí i. Ẹni tí ó bá ti rí i kò ní gba irọ́ gbọ́ mọ́.

ÀWỌN ỌMỌ OGUN INÚ Ẹ̀JẸ̀

Ara ènìyàn dà bí ìlú tí a mọ odi yí ká. Awọ ara ni odi náà. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó gbọ́n kì í gbẹ́kẹ̀ lé odi nìkan. Ó máa ń ní ọmọ ogun. Àwọn ọmọ ogun ara ni àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ funfun, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ojú lásán kò lè rí wọn. Wọ́n ń rìn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì pàgọ́ sínú àwọn kókó tí ó máa ń wú ní ọrùn àti abíyá nígbà tí ara kò bá yá.

Iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Àwọn kan ń gbé kòkòrò àrùn mì. Àwọn kan ń rọ ohun ìjà tí ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò, tí kò ní jẹ́ kí ó lè ṣe nǹkan kan. Àwọn mìíràn ń pa sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀tá ti gbà, kí ó má baà di ibùgbé ọ̀tá. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ní Balógun. Àwọn onímọ̀ ń pe Balógun yìí ní sẹ́ẹ̀lì T olùrànlọ́wọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó gbọ́ ìròyìn ogun, kí ó sì pàṣẹ fún àwọn yòókù. Bí kò bá pàṣẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dúró pẹ̀lú ohun ìjà lọ́wọ́, wọn kò sì ní mọ ẹni tí wọn yóò jà.

Báwo ni Balógun ṣe ń gbọ́ ìròyìn? Àwọn amí wà tí wọ́n máa ń ká ọ̀tá mọ́, tí wọ́n á gé díẹ̀ lára rẹ̀, tí wọ́n á sì gbé e dání wá fún Balógun láti yẹ̀ wò. Kí àmì náà má baà jábọ́, kí ó sì dá Balógun lójú pé amí ìlú ni ó gbé e wá, Balógun ní ohun kan ní ara tí ó fi ń di ọwọ́ amí mú. Pùrótéènì ni ohun náà. Irú èròjà tí à ń rí nínú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ni pùrótéènì, òun náà sì ni Ọlọ́hun fi mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ irinṣẹ́ tí ara ń lò. Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ pàdé ní ìlú Paris, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi nọ́ńbà sí àwọn àmì tí ó wà ní ara ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀. Èyí tí Balógun fi ń di amí mú ni wọ́n ń pè ní CD4. Ó yọ síta ní ara sẹ́ẹ̀lì náà, ó ní ìpele mẹ́rin tí a so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn.

BÍ Ọ̀TÁ ṢE MỌ ILẸ̀KÙN

Ní oṣù kẹfà ọdún 1981, ìròyìn jáde ní Amẹ́ríkà nípa ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún ní ìlú Los Angeles, tí irú àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í sábà ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le kọlù. Kí ọdún náà tó parí, àwọn dókítà ti ṣàkíyèsí pé ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀: Balógun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn ọmọ ogun mìíràn ṣì wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pàṣẹ fún wọn.

Ní 1983, àwọn onímọ̀ ní Institut Pasteur ní ìlú Paris rí kòkòrò tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, èyí tí à ń pè ní HIV lónìí. Nítorí iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi fún Françoise Barré-Sinoussi àti Luc Montagnier ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Ní 1984, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì, ọ̀kan ní ìlú London, èkejì ní Paris, ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ pé Balógun gan-an ni kòkòrò náà ń wá kiri. Wọ́n rí i pé nígbà tí àwọn bá fi ohun kan bo CD4, kòkòrò náà kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. CD4 ni ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣe é. Kòkòrò HIV kéré púpọ̀, kò sì lè dá bí ọmọ. Dandan ni kí ó ráyè wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn kí ó tó lè pọ̀ sí i. Ó ní àwọn ohun ṣóńṣó kan ní ara tí ó bá CD4 mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu. Bí ó bá ti di CD4 mú, yóò yí ara rẹ̀ padà díẹ̀, yóò na ọwọ́ mú ilẹ̀kùn kejì tí ó wà nítòsí, yóò sì fa ara rẹ̀ wọlé. Nígbà tí ó bá dé inú, yóò kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́ inú ìwé àbùdá tí sẹ́ẹ̀lì náà ń kà kí ó tó ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà lọ, ilé Balógun ti di ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ọ̀tá jáde. Ọwọ́ tí Ọlọ́hun fún Balógun láti fi di amí mú ni olè náà fi wọlé.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan sì wà tí kòkòrò náà wọ inú wọn, tí kò ṣe ohunkóhun níbẹ̀, tí ó kàn sùn. Oògùn kì í rí èyí tí ó sùn pa. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni yóò ṣàlàyé ìdí tí a kì í fi í dá oògùn náà dúró.

KÍKA ÀWỌN BALÓGUN

Nígbà tí dókítà bá sọ pé òun fẹ́ ka CD4 aláìsàn, iye Balógun tí ó ṣẹ́kù ni ó ń kà. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò ju mìlímítà kan lọ ní ìbú, ní òró àti ní gíga, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le máa ń ní láti 500 sí 1,500. Bí iye náà bá ti lọ sílẹ̀ ju 200 lọ, ìlú ti di ahoro, ìpele yìí ni a sì ń pè ní éèdì.

Ẹ jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí yé yín: HIV ni orúkọ kòkòrò, éèdì ni orúkọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá jẹ́ kí kòkòrò náà pa àwọn Balógun tán. Láàárín méjèèjì, bí ènìyàn kò bá lo oògùn, ó lè gbà tó ọdún mẹ́wàá. Ní gbogbo àkókò yẹn, ó lè máa kírun, kí ó máa ṣiṣẹ́, kí ó máa fẹ́ ìyàwó, kí ara rẹ̀ máa dán. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Balógun bá sì tán, àwọn àrùn tí ara ti ń lé dànù tẹ́lẹ̀ yóò wọlé. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó ń pa àwọn tí ó ní HIV jùlọ. Ẹni tí ó bá pa ẹ̀ṣọ́ ìlú, àwọn olè mìíràn ni yóò bá a kó ìlú.

ILẸ̀KÙN KEJÌ

Ní 1996, àwọn onímọ̀ rí ilẹ̀kùn kejì tí kòkòrò náà sábà máa ń lò lẹ́yìn CD4. CCR5 ni orúkọ rẹ̀, pùrótéènì ara sẹ́ẹ̀lì ni òun náà. Ní ọdún náà kan náà ni wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn kan wà tí ìwé àbùdá wọn fo lẹ́tà 32 níbi tí ó yẹ kí a ti ka bí a ṣe ń ṣe CCR5. Ẹni tí ó bá jogún àbùdá yìí láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, ilẹ̀kùn kejì kò sí ní ara sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rárá, ó sì ṣòro púpọ̀ kí kòkòrò náà tó lè wọlé sí i lára. Nínú àwọn tí orírun wọn wá láti ìhà àríwá Yúróòpù, nǹkan bí ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwa ènìyàn Áfíríkà, ó ṣọ̀wọ́n débi pé a lè sọ pé kò sí. Kí ọ̀dọ́ kankan má ṣe sọ pé ẹ̀jẹ̀ òun le, pé irú rẹ̀ kò lè mú òun.

Nípasẹ̀ ilẹ̀kùn yìí ni ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń gbé ní ìlú Berlin, Timothy Ray Brown, fi bọ́ lọ́wọ́ HIV. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni ó fẹ́ pa á. Ní 2007 àti 2008, dókítà rẹ̀ fún un ní mùdùnmúdùn eegun láti ara ẹni tí kò ní ilẹ̀kùn kejì. Ẹ̀jẹ̀ tuntun tí ó hù jáde kò ní ilẹ̀kùn náà, kòkòrò náà kò sì padà wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dá oògùn dúró. Jẹjẹrẹ náà ni ó padà pa á ní 2020. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ léwu púpọ̀, ẹni tí jẹjẹrẹ ti há mọ́ nìkan ni a lè dán an wò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn kì í ṣe àlá. Láti 2007 ni oògùn kan ti wà tí ń dí CCR5. Láti 2018 ni òmíràn sì ti wà ní Amẹ́ríkà tí ń bá CD4 fúnra rẹ̀ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ẹnìkan lè béèrè pé: kí ni ìdí tí Ẹlẹ́dàá fi dá ilẹ̀kùn tí ọ̀tá lè gbà wọlé? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìdáhùn ni pé ilẹ̀kùn náà kì í ṣe àbùkù. Láìsí CD4, Balógun kò lè di amí mú dáadáa. CCR5 pàápàá ní iṣẹ́ tirẹ̀: ní 2006, ìwádìí fi hàn pé àwọn tí kò ní i wà nínú ewu jù nígbà tí kòkòrò kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, tí à ń pè ní West Nile, bá wọ ara wọn. Ọlọ́hun kò dá ohunkóhun lásán. Ohun tí ó kù fún ènìyàn ni kí ó wá ìmọ̀ bí yóò ṣe ṣọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

ORÚKỌ TÍ KÒ BÁ A MU MỌ́

Ọdún 1986 ni ìròyìn àrùn yìí kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbà pé ó wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ti jẹ mínísítà ètò ìlera rí, jáde síta gbangba, ó ní éèdì ni ó pa àbúrò òun, Fẹlá. Ọ̀rọ̀ náà mì gbogbo ìlú tìtì. Àwọn Yorùbá sì ti fún àrùn náà ní orúkọ: àrùn kògbóògùn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ náà, wọn kò jẹ̀bi. Oògùn àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 1987, kò lè dá kòkòrò náà dúró pẹ́ títí.

Ṣùgbọ́n ní 1996 ni àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí pa oògùn mẹ́ta pọ̀, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí dínkù. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sọ oògùn náà di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń dúró kí CD4 aláìsàn kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní oògùn. Láti 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí a má dúró mọ́: ọjọ́ tí a bá ti rí kòkòrò náà ni kí oògùn bẹ̀rẹ̀, kí Balógun tó kú.

Oògùn náà kì í pa èyí tí ó sùn, ṣùgbọ́n ó ń dí ọ̀nà mọ́ èyí tí ó jí. Bí aláìsàn bá ń lò ó láìpa ọjọ́ kan jẹ, kòkòrò náà yóò dínkù títí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò fi ní rí i mọ́, àwọn Balógun yóò sì tún máa pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá dé ìpele yìí, tí ó sì dúró síbẹ̀, kì í kó kòkòrò náà ran ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀. Aboyún tí kò bá gba ìtọ́jú, nínú ọmọ ọgọ́rùn-ún tí irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ bá bí, láti 15 dé 45 ni ó lè kó o. Bí ìtọ́jú bá pé, iye náà kì í tó 5. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá dá oògùn dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá, èyí tí ó sùn yóò jí. Àrùn tí ó ń gbọ́ oògùn tó báyìí, kò yẹ kí a tún máa pè é ní kògbóògùn. Orúkọ náà ń pa ìrètí, ẹni tí kò bá sì ní ìrètí kì í lọ gba oògùn.

OJÚṢE MÙSÙLÙMÍ

Èkínní: Kí á má fi oògùn àti ìgbàgbọ́ ja ara wọn. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀kalẹ̀ tí kò sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú, ó sì kọ́ ará oko kan pé kí ó so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ná, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Nígbà tí Khalīfah Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, tí ó dé Sargh, tí wọ́n sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níwájú, ó yí padà. Abū ʿUbaydah bi í léèrè bóyá kádàrá Ọlọ́hun ni ó ń sá fún. Èsì tí Umar fún un ni pé láti inú kádàrá Ọlọ́hun sí inú kádàrá Ọlọ́hun ni àwọn ń lọ. Oògùn náà wà nínú kádàrá. Àdúrà dára, kíka Alùkùráánì sí aláìsàn lára dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kí aláìsàn da oògùn rẹ̀ nù, kí ó wá mu hàntú tàbí kí ó wá so tírà, ilẹ̀kùn ni ó ṣí fún ọ̀tá. Ẹ̀sìn wa sì kọ́ wa pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìwòsàn tí kò mọ̀ yóò dáhùn fún ohun tí ó bá bàjẹ́.

Èkejì: Kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú yìgì, kí ó má sì mọ sí orí ọ̀dọ́mọbìnrin nìkan. Ọkùnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì tàbí ìkẹta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe é, nítorí pé ilé kan odindi ni ó fẹ́ gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàwó tí kò mọ ọkùnrin mìíràn rí ni ó kó àrùn yìí nínú ilé ọkọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí aláìsàn kí ó sọ pé alágbèrè ni. Ẹni tí ó bá fẹ̀sùn àgbèrè kan ọmọlúàbí láìsí ẹlẹ́rìí, ìjìyà rẹ̀ kò kéré nínú òfin Ọlọ́hun. Bí àyẹ̀wò bá sì fi kòkòrò náà hàn ní ara ọ̀kan, kì í ṣe pé yìgì ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí àwọn méjèèjì mọ òtítọ́, kí wọ́n gba ìmọ̀ràn dókítà, kí wọ́n sì fi ìfẹ́ inú ara wọn yàn.

Ẹ̀kẹta: Àmánà ni èsì àyẹ̀wò. Ìmáámù, aláṣẹ ẹgbẹ́ tàbí olùkọ́ tí ó bá gbọ́ ọ, kò gbọdọ̀ gbé e dé orí mínbárì tàbí ìdí oúnjẹ. Òfin Nàìjíríà ti 2014 pàápàá kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti yọ aláìsàn HIV kúrò níbi iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ nítorí àrùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ má lé wọn. Ẹ ti rí ọ̀nà tí kòkòrò náà ń gbà: ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, àti láti ara ìyá sí ọmọ. Kò gba inú ìbọwọ́, kò gba inú àwo oúnjẹ, kò gba inú omi àlùwàlá, kò sì gba inú dídúró ní sàfù kan náà. Mùsùlùmí tí ó bá sì kú pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí a wẹ̀ ẹ́, kí a wọ̀ ọ́ láṣọ, kí a kírun sí i lára. Kí àwọn tí yóò wẹ̀ ẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó tán. Bí gbogbo àdúgbò bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láìwẹ̀, gbogbo àdúgbò ni ó jẹ ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: Ní oṣù Ramadan, kí aláìsàn má dá oògùn dúró. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn náà lónìí ti di hóró kan lójúmọ́, tí a lè lò nígbà ìṣínu tàbí sààrì. Kí ó bi dókítà rẹ̀ kí oṣù náà tó wọlé. Ẹni tí ipò ara rẹ̀ kò bá gbà á láàyè, Ọlọ́hun ti ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn, kò sì yẹ kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ sínú ìparun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2018 fi hàn pé àwọn tí ń gbé pẹ̀lú kòkòrò yìí ní Nàìjíríà tó nǹkan bíi 1,900,000. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú wọn ti kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní Jímọ̀ tó kọjá. Bóyá yóò máa gba oògùn rẹ̀ lọ tàbí yóò fi í sílẹ̀, ó lè wà lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò gbọ́ lẹ́nu yín. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀jẹ̀ yín pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, ẹ sì ṣọ́ ilẹ̀kùn ẹnu yín.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó fi ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní kún ìmọ̀ wa, kí Ó sì pa àwọn ọ̀dọ́ wa mọ́ kúrò nínú ohun tí Ó kọ̀. Āmīn.